Ẹ Yí Páálí Yẹn Sẹ́yìn Kẹ́ ẹ Tó Rà Á

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi. Ọ̀rọ̀ tá a jọ sọ l'Òkè-Fìà, l'Òṣogbo, lọ́jọ́ Sátidé, nípa àwọn oúnjẹ tá a máa ń rò pé wọ́n ń ṣara lóore, ni mo tẹ̀ síbí fáwọn tí ò ráyè wá.

Jùúsì la kọ́kọ́ mú. Tá a bá fẹ́ lọ kí aláìsàn, jùúsì páálí là ń rà dání, ṣebí wọ́n ya ọsàn gbàgàdà síwájú ẹ̀. Ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ sugar sí, tẹ́ ẹ bá rí gíráàmù 11 nínú 100ml tẹ́ ẹ wá mu ìlàjì lítà, gíráàmù 55 lẹ mu yẹn, ó lé ní ṣíbí tíì 13! Bẹ́ẹ̀ WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti sọ látọdún 2015 pé irú ṣúgà yìí ò gbọ́dọ̀ tó ìdá 10 nínú 100 okun tá à ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́, tó bá wá lè má tó ìdá 5 ló tún dáa jù, ìyẹn bíi gíráàmù 25 fún àgbàlagbà. Ẹ má sì sọ pé wọn ò da ṣúgà sí tiyín o, ṣúgà ara ọsàn tí wọ́n ti fún jáde, WHO kà á mọ́ ọn, wọ́n ka oyin náà mọ́ ọn. Ta ló lè jókòó jẹ ọsàn mẹ́fà tán lẹ́ẹ̀kan? Ṣùgbọ́n ìlàjì lítà jùúsì, èèyàn ti gbé e mì.

Móòtì pẹ̀lú mílíìkì táwọn aboyún ń mu pé ó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Ṣúgà ló pọ̀ níbẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù (calcium) inú mílíìkì ọ̀hún gan-an kì í jẹ́ kí ara gba áyọ́ọ̀nù (iron), èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, dáadáa.

Búrẹ́dì wíìtì, ẹ má wo àwọ̀, wọ́n lè fi káráméèlì pa á láró, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ lára ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ni kẹ́ ẹ kà, torí òun ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Òróró tí wọ́n kọ "no cholesterol" sí, pé kò ní ọ̀rá tó máa ń wà lára ẹran yẹn, kò sí òróró ewéko kankan tó ní in tẹ́lẹ̀, títí kan epo pupa.

Èyí tó dun ẹlòmíì ni ti èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ á gbọ́ pé ó dáa fóun, á wá rò ó bí òkè Ìdànrè, á ní ṣebí oúnjẹ ìtọ̀ ṣúgà ni. Ẹ jọ̀ọ́, sítáàṣì ni, inú ìfun ló ti ń di ṣúgà kó tó wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ rò ó kékeré, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ lójú àwo ju òkèlè lọ.

Ìyá kan tó ń ta sóbò l'Ọlá-Ìyá bi mí pé ṣé tòun náà burú ni. Mo ní òdòdó ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, mélòó ni ṣúgà tẹ́ ẹ̀ ń dà sí i? Wọ́n ní àwọn ò da ṣúgà, ọ̀pẹ̀ òyìnbó làwọn ń fún sí i. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, torí wọ́n ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.