Gbèsè Wo Ni Apá Kejì Jẹ Apá Kìíní?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin ará Ifẹ̀ tí ẹ wá bá wa gbọ́ ọ. Àwa tí a fi káséètì fídíò wo fíìmù Yorùbá mọ̀ pé lọ́pọ̀ ìgbà, ìtàn kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gé sí méjì. Apá kìíní á dúró síbi tó dùn jù, a ó sì tún nawó. Irú apá kejì bẹ́ẹ̀ kò ṣòro dá lẹ́jọ́: ṣé ó parí ìtàn, àbí wọ́n tún ń gbé apá kẹta bọ̀?

Ọ̀tọ̀ ni ti Ṣaworoidẹ (1999) àti Agogo Èèwọ̀ (2002), tí Túndé Kèlání darí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀ níbí, ló kọ ìtàn wọn. Ẹni tó bá wo Ṣaworoidẹ nìkan ti rí ìtàn tó parí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù nílẹ̀ ní Jogbo, ìlú inú fíìmù náà: bí ọba burúkú bá lọ, àwọn ìjòyè tó bá a jẹ ìlú ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni Agogo Èèwọ̀ gbé. Òṣùwọ̀n tí mo mú wá lónìí nìyẹn: kí ni fíìmù ìṣáájú fi sílẹ̀, kí sì ni èyí tó tẹ̀ lé e fi ṣe?

Ẹ jẹ́ ká fi wọn Alien, tí Ridley Scott ṣe ní 1979. Èèyàn méje wà nínú ọkọ̀ kan lójú òfurufú, ẹ̀dá abàmì kan wọlé tọ̀ wọ́n, ó sì ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. (Ọmọ wa ló wà nínú awọ ẹ̀dá náà o: Bọ́lájí Badejo, akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ga ju mítà 2 lọ.) Scott fi òkùnkùn bò ó débi pé a kò fi bẹ́ẹ̀ rí i tán. Ó tún fi ẹyin rẹpẹtẹ hàn wá, kò sì sọ ẹni tó yé wọn.

Ní 1986, James Cameron dáhùn nínú Aliens: ìyá ńlá kan ló ń yé wọn. Ripley, obìnrin tó là á já nínú fíìmù àkọ́kọ́, náà sì ti gba ọmọdébìnrin kan mọ́ra nígbà yẹn, ni ìyá méjì bá kojú ara wọn. Àwọn kan ní kò bani lẹ́rù tó ti àkọ́kọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ n kò kà á sí àbùkù. A ti rí ẹ̀dá náà. A kò lè padà di ẹni tí kò rí i rí. Cameron mọ̀ bẹ́ẹ̀, ló ṣe sọ ọ́ di fíìmù ogun. Síbẹ̀ kò rú òfin ayé ìtàn náà. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dá yẹn jẹ́ ásíìdì tó ń jẹ irin. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lè yìnbọn sí i nínú ọkọ̀ ní 1979. Cameron kó ìbọn fún àwọn sójà, ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún sì ń ta sí wọn lára. Nínú fíìmù sáyẹ́ǹsì, ibi tí mo kọ́kọ́ máa ń wò nìyẹn. Bí òfin bá ti yí láìsí àlàyé, ẹ̀rù kì í bà wá mọ́, torí ohunkóhun ló lè ṣẹlẹ̀.

Alien 3 tí David Fincher ṣe ní 1992 kò rú òfin yẹn. Ṣùgbọ́n kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ó ti pa ọmọdébìnrin tí Ripley torí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. N kò tíì dárí jì í.

Nínú Prometheus (2012), Scott fúnra rẹ̀ ló padà wá ṣàlàyé òmìrán tó kú sórí àga nínú fíìmù àkọ́kọ́. Ohun tó ń dẹ́rù bani lára òmìrán yẹn ni pé a kò mọ̀ ọ́n. Àlàyé sọ ọ́ di kékeré.

Alien: Romulus ti Fede Álvarez (2024) ńkọ́? Ó gbé ìtàn rẹ̀ sáàárín ti 1979 àti ti 1986. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára gan-an: àwọn ọ̀dọ́ ń sin ilé-iṣẹ́ awakùsà níbi tí oòrùn kì í ràn, ilé-iṣẹ́ náà sì ń fi kún àkókò tí wọn yóò sìn kí wọ́n tó lè lọ. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ nìyẹn. Àfi bí wọ́n ṣe wá gbé ojú Ian Holm padà, òṣèré inú fíìmù 1979 tó ti kú ní 2020, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tí Ripley sọ sí ìyá ẹ̀dá náà ní 1986 sí ẹlòmíràn lẹ́nu. Mo gé máàkì wọn níbẹ̀. Ripley jìyà kó tó sọ ọ́. Ẹni yìí kàn ń sín in jẹ ni.

Ọmọ kan bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi bóyá èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ láti Romulus. Mo ní ó lè ṣe é, yóò tilẹ̀ gbádùn rẹ̀ jù mí lọ, àmọ́ kò ní mọ ibi tí mo ti gé máàkì.