Àpótí Dísìkì Kò Ní Bátìrì

KÚNLÉ: Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà lájò, láti Àbújá dé Kàdúná, dé Kánò. Àǹtí Ṣadé, ẹ ṣèlérí pé ẹ máa sọ bí àyè ṣe tán lórí sáfà ilé yín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì gbogbo ilé.

ÀǸTÍ ṢADÉ: Ó tán pátápátá. O mọ̀ pé láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ni mo sọ di sáfà ní Kubwa. Fọ́tò àwọn ọmọ wà níbẹ̀, fídíò ìgbéyàwó, àti ohùn ìyá mi tí mo gbà sílẹ̀ n'Ílá Ọ̀ràngún, níbi tó ti ń ki oríkì wa. Èwo ni n óò pa rẹ́ nínú wọn?

KÚNLÉ: Kò sí, mà.

ÀǸTÍ ṢADÉ: Dísìkì kan ṣoṣo ni láptọ́ọ̀pù yẹn gbà. Ni mo bá lọ sí Banex ní Wuse 2, mo ra àpótí tó ń gba dísìkì mẹ́rin, ti ínǹṣì 3.5. Wáyà USB kan ló so wọ́n pọ̀.

KÚNLÉ: Wáyà kan fún mẹ́rin? Kò ní máa falẹ̀?

ÀǸTÍ ṢADÉ: Fún iṣẹ́ ilé, rárá. USB 3.0 ń gbé tó gígábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Dísìkì tó ń yí kan kì í sábà lò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Kó o má ṣáà ki wáyà bọ ihò USB 2.0, mẹ́gábíìtì 480 péré ni ìyẹn. Ihò 3.0 sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù nínú.

KÚNLÉ: Kí ló wá yọ yín lẹ́nu?

ÀǸTÍ ṢADÉ: Iná, Kúnlé. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, iná lè lọ kó má mọ̀ rárá. Dísìkì ńlá nílò fóòtì 12, wáyà USB yìí ò sì lè fún un, torí náà púlọ́ọ̀gì tirẹ̀ ni àpótí ń lò. Lọ́jọ́ kejì, mo ń kó fáìlì sínú rẹ̀ lọ́wọ́, iná lọ. Àpótí kú, láptọ́ọ̀pù ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ. Nígbà tí iná dé, àwọn fáìlì tó wà lójú ọ̀nà ti bàjẹ́. Ohùn ìyá mi wà lára wọn.

KÚNLÉ: Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí.

ÀǸTÍ ṢADÉ: Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ àbúrò mi n'Ílọrin. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ra UPS, bátìrì tó ń gbaṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí iná bá lọ. Àpótí àti láptọ́ọ̀pù jọ ń lo iná rẹ̀.

KÚNLÉ: Èmi ní ínfátà ní Lugbe.

ÀǸTÍ ṢADÉ: Dán an wò kó o tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Òmíràn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbaṣẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn sì tó láti pa àpótí. Tó o bá dé ṣọ́ọ̀bù láti ra àpótí, yọ púlọ́ọ̀gì àpótí lójú wọn, kó o tún kì í padà. Tó bá jẹ́ pé ó dìgbà tó o bá tẹ bọ́tìnì kó tó tàn, má rà á. Ta ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ nígbà tó o bá rìnrìn àjò lọ sílé?

KÚNLÉ: Àwọn kan ní RAID inú àpótí ti tó, ìyẹn ètò tó ń kọ fáìlì sórí dísìkì púpọ̀ kí ọ̀kan tó bá bàjẹ́ má bàa kó wọn lọ.

ÀǸTÍ ṢADÉ: Kò tó rárá! Fáìlì tó o bá ṣèèṣì pa rẹ́, RAID á pa á rẹ́ lórí gbogbo dísìkì. Bí àpótí fúnra rẹ̀ bá sì bàjẹ́, o lè máa wá irú rẹ̀ gan-an kiri kó o tó rí nǹkan rẹ kà. Ẹ̀dà tó wà nílé ẹlòmíràn ló gbà mí.

KÚNLÉ: Ohùn Màmá ńkọ́?

ÀǸTÍ ṢADÉ: Ó ti padà sórí sáfà. Àbíkẹ́yìn mi gbọ́ ọ lálẹ́ àná, ó ní kí n tún un fi sí i.