Lẹ́yìn Gbogbo Ohun Tí A Ṣe fún Yín

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Àtlántà náà ni mo wà, òjò ń rọ̀, mo sì ti pa fèrèsé dé kí ariwo mọ́tò má baà bá mi dá sí ọ̀rọ̀ bíi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ti há mi lọ́fun tipẹ́. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀sán ni.

Níbi iṣẹ́ mi, àwa mẹ́ta la máa ń jẹun pọ̀. Ìṣirò owó ni gbogbo wa ń ṣe. Ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ọmọ Alabama, àgbàlagbà obìnrin tí mò ń pè ní Mama. Èkejì jẹ́ bàbá kan, Júù, tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ò jìnnà mọ́. Èmi ọmọ Ìbàdàn ni ẹ̀kẹta, èmi tí wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ nítorí irú tó wà nínú ọbẹ̀ mi. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Mama á gbé ẹ̀fọ́ collard wá. Ẹ̀fọ́ yẹn nípọn, wọ́n máa ń sè é títí tó fi máa gbàgbé pé ewé lòun. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń sè é nílé wọn, ṣùgbọ́n torí bàbá yìí, tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, tòlótòló yíyan ni Mama ń fi sí tiwa. Á bù ú sí ọmọrí ike, á tì í síwájú rẹ̀, òun náà á ya búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi wo èyí. Kò sẹ́ni tó sọ pé àjọṣe àárín ẹ̀yà méjì nìyí. Oúnjẹ là ń jẹ.

Ìtàn sì wà lábẹ́ oúnjẹ náà. Ilé ìwé tí bàbá Mama lọ ní kékeré wà lára àwọn tí Julius Rosenwald, Júù olówó tó wà lára àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù ńlá Sears nígbà náà, fi owó sí pẹ̀lú ìmọ̀ràn Booker T. Washington, aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ògúnná gbòǹgbò olùkọ́. Nǹkan bí 5,000 ni wọ́n kọ́ ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n bàbá yìí obìnrin sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ sí Mississippi ní 1964 láti ran àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ kí wọ́n lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ọdún yẹn, ní June 21, ni wọ́n pa mẹ́ta lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn: James Chaney, Andrew Goodman àti Michael Schwerner. Aláwọ̀ dúdú kan, Júù méjì. August 4 ni wọ́n tó hú òkú wọn jáde lábẹ́ yẹ̀pẹ̀ ìdídò.

Àfi ìgbà tí October 7, 2023 dé. Àwọn Hamas, ẹgbẹ́ ológun Palẹ́sítínì ní Gásà, pa nǹkan bí 1,200 ènìyàn ní Ísírẹ́lì, wọ́n kó nǹkan bí 250 lọ. Ísírẹ́lì da bọ́ǹbù bo Gásà, òkú di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bàbá yìí lẹ àwòrán àwọn tí wọ́n kó lọ mọ́ ara tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Mama lẹ àsíá Palẹ́sítínì kékeré mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Wọn ò sọ nǹkan kan síra wọn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí makirowéèfù ń yí lọ́wọ́, bàbá yẹn sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ ròkè: “Lẹ́yìn gbogbo ohun tí a ṣe fún yín?”

Mama yọ abọ́ rẹ̀ kí makirowéèfù tó dún. Ó ní, “Bàbá mi àgbà ló gé igi tí wọ́n fi kọ́ ilé ìwé yẹn.” Ó jáde.

Mo lọ yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò, iṣẹ́ tèmi náà kúkú ni. Òótọ́ ni. Tí ẹ bá ṣírò owó tí wọ́n fi kọ́ àwọn ilé ìwé wọ̀nyẹn, ti ìjọba ló pọ̀ jù, èyí tí àwọn aláwọ̀ dúdú fúnra wọn dá jọ sì ju ti Rosenwald lọ díẹ̀. Oko ni wọ́n ń ro fún ẹlòmíì, síbẹ̀ wọ́n dáwó, wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀, wọ́n gé pákó. Oore Rosenwald kì í ṣe irọ́ o. Ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò méjì ló wà, oníkálùkù sì ń ka tirẹ̀ nìkan.

Ìjà yìí ti pẹ́ ju oúnjẹ ọ̀sán wa lọ. Ní 1967, lẹ́yìn ogun ọlọ́jọ́ mẹ́fà tí Ísírẹ́lì bá àwọn Lárúbáwá jà, SNCC, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ti bá àwọn Júù jìyà pọ̀ ní Mississippi, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tó bú Ísírẹ́lì, owó ìrànlọ́wọ́ wọn sì gbẹ. Ní 1970, àwọn aláwọ̀ dúdú kan tí Bayard Rustin, ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan, ṣáájú wọn ra ojú ìwé nínú New York Times láti gbè sẹ́yìn Ísírẹ́lì. Kí ọdún tó parí, àwọn aláwọ̀ dúdú mìíràn ra ojú ìwé nínú ìwé ìròyìn kan náà láti ta kò ó. Nítorí náà, ẹni tó bá ní “àwọn aláwọ̀ dúdú sọ pé”, ẹ bi í pé èwo nínú wọn.

Ọdún 1979 ló wá tú gbogbo rẹ̀ síta. Andrew Young, tí títì kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láàárín ìgboro wa níbí, ni Jimmy Carter, ààrẹ ìgbà náà, fi ṣe aṣojú Amẹ́ríkà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ̀ ọ́n: ó wà lára àwọn tó tún àárín Amẹ́ríkà àti ìjọba Ọbásanjọ́ ṣe, títí Carter fi wá sí Èkó ní 1978. Ní July 26, 1979, Young mú ọmọ rẹ̀ kékeré dání lọ sílé aṣojú Kuwait ní New York, ó sì bá Zehdi Terzi, aṣojú PLO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira Palẹ́sítínì, sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ohun tó wá ni pé kí wọ́n sún ìjíròrò kan lórí Palẹ́sítínì síwájú. Ṣùgbọ́n láti 1975 ni Amẹ́ríkà ti ṣèlérí fún Ísírẹ́lì pé òun ò ní bá PLO dúnàádúrà àfi tí wọ́n bá gbà pé Ísírẹ́lì lẹ́tọ̀ọ́ láti wà. Nígbà tí wọ́n bi Young, ó kọ́kọ́ sọ ọ́ bí ẹni pé ṣe ni wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́. Ó ku díẹ̀ káàtó. Òun fúnra rẹ̀ ló padà sọ òótọ́ fún aṣojú Ísírẹ́lì. Ní August 15, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Ilé gbiná. Àwọn aláwọ̀ dúdú ní àwọn Júù ló lé e. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àwọn Júù ní, àwa kọ́, àwa ò ní kó lọ. Àwọn tó ń bínú tọ́ka sí Milton Wolf, aṣojú Amẹ́ríkà ní Austria, Júù, tí òun náà ti bá ènìyàn PLO sọ̀rọ̀: ìkìlọ̀ lásán ni wọ́n fún un. Ní August 22, nǹkan bí igba aṣáájú aláwọ̀ dúdú péjọ sí olú ilé iṣẹ́ NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní New York, Kenneth Clark, ọ̀kan lára wọn, sì pe ìwé tí wọ́n gbé jáde níbẹ̀ ní ìkéde òmìnira wọn. Joseph Lowery, pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú, lọ bá Yasser Arafat, olórí PLO, ní Lebanon. Jesse Jackson, pásítọ̀ bíi tirẹ̀, náà lọ, ó dì mọ́ ọn, àwòrán ìdìmọ́ra yẹn sì rin ayé já. Vernon Jordan, aṣáájú aláwọ̀ dúdú mìíràn, bínú sí wọn ní gbangba, ó ní kí wọ́n má torí ẹgbẹ́ apániláyà ba àjọṣe tó ti wà jẹ́.

Ohun kan wà tí mo máa ń rò bí mo bá ń wakọ̀ gba títì Young kọjá. Carter ló gba ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlérí 1975 náà, ìjọba ló ṣe é, wọn ò bi aláwọ̀ dúdú, wọn ò sì bi Júù tó ń ta bàtà ní Brooklyn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo yẹn, ẹ wá Carter tì. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì ló ń fa ara wọn láṣọ ya.

Ní 2024, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ AME, ìjọ Kristẹni àwọn aláwọ̀ dúdú, ní kí Amẹ́ríkà dá ìrànlọ́wọ́ fún Ísírẹ́lì dúró. NAACP, tí àwọn Júù wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1909, ní kí Biden má fi ohun ìjà ránṣẹ́ sí i mọ́. Ní ìpínlẹ̀ New York sì ni ẹgbẹ́ kan tó ń gbè sẹ́yìn Ísírẹ́lì ti ná owó tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rìnlá dọ́là lórí ìbò abẹ́nú tí Jamaal Bowman, aṣòfin aláwọ̀ dúdú tó ń ta ko Ísírẹ́lì lórí ogun Gásà, fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Mama sọ̀rọ̀ owó yẹn fún mi lójú àtẹ̀gùn. Bàbá yẹn sì sọ fún mi lẹ́bàá mọ́tò pé Bowman ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Mo di àpótí ìfìwéránṣẹ́.

Èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí ayé ṣì dùn, mo ti sọ fún bàbá yìí pé Ifẹ̀ ni mo ti kàwé, pé Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì, ló ya àwòrán ọgbà náà. Mo ṣàlàyé ilé Humanities fún un, bí àjà òkè ṣe yọ síta ju tìsàlẹ̀ lọ tí òkè fi ń ṣíji bo ìsàlẹ̀, tí ẹ máa jókòó níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan tí oòrùn ò ní rí yín. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó lọ wá àwòrán rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kan ní 2024 ó wá sí tábìlì mi: “Ìwọ náà mọ ohun tí a ṣe fún yín.” Mo yẹ kí n dáhùn pé owó kòkó ilẹ̀ Yorùbá ló san owó iṣẹ́ yẹn fún Sharon. Mo yẹ kí n sọ fún un pé Nàìjíríà gé àjọṣe pẹ̀lú Ísírẹ́lì ní 1973, pé 1992 la tó so ó padà, pé ilé náà ò wó láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Mo yẹ kí n bi í léèrè àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó wà ní Haifa, torí mo mọ̀ pé kì í sùn. Rárá o. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní iṣẹ́ ń pè mí.

Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń jẹun báyìí. Aago méjìlá ni ti Mama, aago kan ni ti bàbá yẹn, èmi ń jẹ tèmi nídìí kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá Mama bu ẹ̀fọ́ díẹ̀ fún mi. Mo tọ́ ọ wò. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni.

Mo ti sọ gbogbo èrò mi fún yín yìí tán, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni mo fi sọ ọ́. Yorùbá ni mo sì fi sọ ọ́. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó máa gbọ́ ọ.