Charles Turner: Ọkùnrin tó fi ìdérí ìgò dán oyin wò

Ẹ wo ihò kékeré inú ilẹ̀ yìí. Ilé oyin kan ni. Irú oyin yìí kì í gbé inú afárá, ilẹ̀ ló máa ń gbẹ́ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó fi ìdérí ìgò sẹ́bàá ẹnu ihò náà. Oyin ń jáde, oyin ń wọlé, ojú rẹ̀ sì mọ́ ìdérí náà. Nígbà tó tún ròde, ọkùnrin náà gbé ìdérí lọ sẹ́bàá ihò mìíràn. Oyin padà dé, ihò tí ìdérí wà nídìí rẹ̀ ló forí lé. Ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ ló wọ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èyí. Bó bá jẹ́ pé agbára kan tí a kò mọ̀ ló ń wọ́ oyin lọ sílé, ìdérí kò ní lè ṣì í lọ́nà. Ó ṣìnà nítorí pé ó ń wo ilẹ̀, ó ń fi àmì sọ́kàn, ó sì ń rántí. Charles Henry Turner, onímọ̀ ẹranko aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ni ọkùnrin náà, ọdún 1908 ló sì tẹ iṣẹ́ yìí jáde.

Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Albrecht Bethe, ará Jámánì, ti kọ ọ́ ní 1898 pé bí ẹ̀rọ ni èèrà àti oyin ṣe rí: nǹkan kàn wọ́n, wọ́n mira, ó tán. Turner kò fi ẹnu lásán jiyàn. Ó lọ jókòó ti kòkòrò.

Cincinnati ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ní 1867, ọdún kejì lẹ́yìn tí wọ́n fòfin de ẹrú níní jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni nígbà tó kọ̀wé lórí aláǹtakùn, ní 1892. Ó ní àbínibí ni kí aláǹtakùn ta òwú, ṣùgbọ́n bí yóò ṣe ta á kó lè bá ibi tó wà mu, làákàyè ló ń lò. Ọ̀rọ̀ yẹn wú mi lórí gan-an, torí gbogbo iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn náà ti wà nínú rẹ̀.

Ní 1907, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago, lórí bí èèrà ṣe ń mọ̀nà ilé. Ó fi páálí ṣe pèpéle kékeré, ó ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí ilé wọn, ó kó èèrà àti ọmọ wọn sókè, ó sì tan iná sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èèrà á gbé ọmọ, á sọ̀kalẹ̀, á tún gòkè wá gbé òmíràn. Ìgbà tí wọ́n mọ ọ̀nà tán, ó gbé iná lọ sí òdìkejì. Orí wọn dàrú! Kì í ṣe òórùn nìkan ni èèrà fi ń mọ̀nà.

Pẹ̀lú oyè yìí, láyé tí àwọ̀ ara ń tilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn, ilé-ẹ̀kọ́ girama Sumner, ti àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní St. Louis, ló ti ṣe tíṣà láti 1908 di 1922. Ó dùn mí. Kò ní yàrá ìwádìí yunifásítì, kò ní akẹ́kọ̀ọ́ gboyè tí yóò ràn án lọ́wọ́. Síbẹ̀, ìwé ìwádìí tó kọ láyé rẹ̀ lé ní 70.

Ọgbà ìgbafẹ́ O'Fallon ní St. Louis ló lọ dán ojú oyin wò. Ó fi oyin tí à ń lá sórí páálí pupa, ó to àwọ̀ mìíràn sí i láìsí nǹkan lórí wọn. Láìpẹ́, pupa ni wọ́n ń bà lé, wọ́n ń fo ìyókù kọjá. Ní 1910 ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Lónìí a mọ̀ pé pupa ṣókùnkùn lójú oyin; ó lè jẹ́ òkùnkùn yẹn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe àwọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Karl von Frisch, onímọ̀ ẹranko ará Austria, ló wá fi páálí búlúù sáàárín páálí aláwọ̀ eérú oríṣiríṣi, tó fi hàn ní 1914 pé oyin mọ àwọ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n Turner ti wà lẹ́nu ìbéèrè yẹn ṣáájú rẹ̀.

Aáyán ńkọ́? Tan iná, ó ti sá wọ òkùnkùn. Turner ṣe àpótí tí apá kan mọ́lẹ̀, tí apá kejì ṣókùnkùn, ó sì jẹ́ kí iná mànàmáná máa ta aáyán tó bá wọ ibi tó ṣókùnkùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀. Wọ́n á rìn dé ààlà, wọ́n á dúró, wọ́n á yí padà sínú ìmọ́lẹ̀. Àwọn kan tètè kọ́ ọ, àwọn kan pẹ́; aáyán kan kò dà bí èkejì, Turner sì kọ ìyàtọ̀ wọn sílẹ̀.

Ó kú ní Chicago ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1923, lẹ́ni ọdún 56. Bí èèrà bá ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, tó sún mọ́lé, a máa yí po, yí po, títí yóò fi rí ẹnu ihò. Victor Cornetz, ará Faransé, ló fún ìrìn yẹn lórúkọ: ìyípo Turner.