Ojú Ọ̀nà Kò Gbà Wọ́n: Ọ̀rọ̀ lórí Òfin Mítà 12 nínú Triathlon

Ẹ kú ìjókòó o. Olóòtú ní ogún ìṣẹ́jú ni mo ní, ó sì ti ń wo aago kí n tó lanu.

Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Nínú triathlon ọlọ́nà jíjìn, eré tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ sá tẹ̀léra, òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má fara pamọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹlòmíì, ìyẹn drafting, dára. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje ló sọ ọ́ di ẹgba tí wọ́n fi ń na ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní kìlómítà 40 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, atẹ́gùn ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po 2, agbára tí yóò fi la atẹ́gùn á di ìlọ́po 8. Ẹni tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n ti bá a là á. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdíwọ́ náà lè kúrò lọ́rùn rẹ̀. Kìlómítà 180 ni kẹ̀kẹ́ Ironman, ìdíje ọlọ́nà jíjìn tó lókìkí jù, kìlómítà 42 sì tún wà láti fi ẹsẹ̀ sá. Ẹ mọ ẹsẹ̀ ta ni yóò ṣì le.

Ìdí nìyẹn tí Ironman fi ní kí mítà 12 wà, fún ẹni tí kì í ṣe ògbóǹtarìgì, láti etí táyà iwájú ẹni tó ṣáájú dé etí táyà iwájú yín. Bí ẹ bá ti wọnú ẹ̀, ẹ ní ìṣẹ́jú àáyá 25 láti yọ sí iwájú rẹ̀. Ẹ ò yọ? Káàdì búlúù, ìṣẹ́jú 5 nínú àgọ́ ìjìyà. Tó bá di káàdì mẹ́ta, ẹ máa lọ sílé. Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ti gba nǹkan bí mítà 2 nínú 12 yẹn, nítorí náà àlàfo tí rẹfirí ń wò kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan lórí eré kìlómítà 40 ní wákàtí kan. Orí alùpùpù ló wà, ojú lásán ló sì fi ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ wá bá mi ṣírò. Ká ní 1,000 èèyàn jáde nínú omi láàárín ìṣẹ́jú 15. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá ń lọ ní kìlómítà 36 ní wákàtí kan, kìlómítà 9 ló ti wà. 1,000 ní ọ̀nà mítà 12 jẹ́ kìlómítà 12. Níbo ni kí wọ́n gbé kìlómítà 3 tó kù sí? Ó dà bí onídánfó tó kó èrò 18 sínú ọkọ̀ oníjókòó 14, tó wá ń bú wọn pé wọ́n ń fún ara wọn.

Àwọn kan nínú gbọ̀ngàn yìí (mo rí yín, ẹ má bojú) máa ń ní kí olóòótọ́ fà sẹ́yìn. Ó dáa. Mo fà sẹ́yìn, ẹlòmíì kó sínú àlàfo náà, òfin ní kí n tún fà sẹ́yìn. Olóòótọ́ á máa padà sẹ́yìn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni ilẹ̀ mọ́ bá ni barawo.

Mo fẹ́ bọ́ sórí Olympics nígbà tí arábìnrin kan gba máíkì: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú omi ńkọ́? Ṣebí wọ́n máa ń lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé ẹsẹ̀ ara wọn. Kí ló dé tí ìyẹn ò fi jẹ́ ìrẹ́jẹ?"

Ìbéèrè yìí tú gbogbo ìwé tí mo kó wá ká. Òótọ́ ni: ó ń dín wàhálà kù nínú omi náà, òfin sì gbà á. Rẹfirí wo ló lè ka ẹsẹ̀ nínú ìfófòó? Ibi tí ojú òfin tó ni òfin ń dé, kì í ṣe ibi tí ìrẹ́jẹ pin sí. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti gba àwọn ògbóǹtarìgì láyè láti tẹ̀lé ara wọn lórí kẹ̀kẹ́ nínú eré kúkúrú. Níbi Olympics Sydney lọ́dún 2000, Simon Whitfield ará Kánádà kó sínú ìjàǹbá kẹ̀kẹ́, ó tún lé ọ̀wọ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó kù bá, ó sì fi ẹsẹ̀ sá kọjá Stephan Vuckovic ará Jámánì gba wúrà. Ká ní òun nìkan ló ń la atẹ́gùn ni, ibẹ̀ ni eré rẹ̀ ìbá parí sí. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó pè é lólè, torí gbogbo wọn ló mọ òfin kí wọ́n tó wọ omi.

Àkókò ti lọ, ẹ jẹ́ kí n sáré. Ní London 2012, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú Stuart Hayes wá láti la atẹ́gùn fún àwọn Brownlee, Alistair àti àbúrò rẹ̀ Jonathan. Wúrà àti idẹ ni wọ́n kó. Ní 2019 ní Tokyo, ọmọbìnrin méjì láti orílẹ̀-èdè kan náà di ọwọ́ ara wọn mú kọjá ìlà, wọ́n lé wọn kúrò nínú èsì. Kéèyàn bá ẹgbẹ́ rẹ̀ la atẹ́gùn lórí kẹ̀kẹ́, ọgbọ́n ni. Kó dì í lọ́wọ́ mú níbi ìlà, ẹ̀ṣẹ̀ ni! Alùpùpù oníkámẹ́rà tó wà níwájú ẹni tó ṣáájú náà ń la atẹ́gùn fún un, ẹnì kan kì í fún un ní káàdì.

Arákùnrin kan bi mí nípa RaceRanger, ẹ̀rọ àwọn ará New Zealand tó ń tan iná sójú ẹni tó bá ti súnmọ́ jù. Ó dára ju ojú rẹfirí lọ, mo gbà. Ó tún ní T100, ìdíje àwọn ògbóǹtarìgì, ti sún àlàfo náà dé mítà 20. Àwọn tó fi eré ṣe iṣẹ́ jẹun ni, wọn ò sì pọ̀. Ẹ fi mítà 20 sínú ìṣirò wa yẹn: 1,000 èèyàn á fẹ́ kìlómítà 20, mẹ́sàn-án péré la ní. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dín tíkẹ́ẹ̀tì kù, tàbí kí wọ́n tú èrò sínú omi díẹ̀díẹ̀, ká tó sọ̀rọ̀ káàdì.