Ṣé Ṣáínà ló pa wá? Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Kàdúná lórí àǹkárá àti owó iṣẹ́

(Àwọn ọmọ Yorùbá ìlú Kàdúná ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo gé ibi tí mo ti ń káàkiri. Mi ò yọ àwàdà kúrò, torí ẹni tí mo fi ṣe é ti gbọ́ ọ tán.)

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà o. Wọ́n ní aṣọ àdàkọ láti Ṣáínà ló ti àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ wa pa; ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹ wo aṣọ ọwọ́ mi yìí. Ọ̀pá mẹ́fà ni, Kantin Kwari ní Kánò ni mo ti rà á. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí etí rẹ̀ gbàgàdà: "Guaranteed Dutch Wax". Ó dáa, ẹ jẹ́ ká yí i padà. Ẹ ò rí i? Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣá bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Àǹkárá tí wọ́n fi ìda ṣe lóòótọ́, ẹ ò ní mọ iwájú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Ṣáínà ni eléyìí ti wá.

Ibí ni lọ́yà wa tó jókòó níwájú yìí ti máa ń dìde pé olè ni wọ́n, ká pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹ fara balẹ̀, sà. Ta ló kọ́kọ́ ni ín?

Àwọn ará Jáfà ní Indonéṣíà ló ń fi ìda ya àrà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró. Àwọn Òyìnbó Netherlands, tí wọ́n ń pè ní Dutch, rí i, wọ́n ní àwọn máa fi ẹ̀rọ ṣe é lówó pọ́ọ́kú. Ilé-iṣẹ́ Vlisco, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Helmond lọ́dún 1846, wà nínú wọn. Ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n ṣe bí ọwọ́. Ìda ń sán, aró ń gba ojú ibi tó sán wọlé, aṣọ wá ń yọ iṣan. Àwọn ará Jáfà ní ojú àwọn ò gbà á. Àwọn ìyá wa ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní iṣan yẹn gan-an ló dùn ún wò! Nítorí náà, ohun tí Ṣáínà jí, jíjí ni ẹni tí wọ́n jí i lọ́wọ́ rẹ̀ náà jí i. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta.

Ẹ má sì rò pé ọwọ́ tiwa mọ́. Aṣọ funfun tí àwọn ìyá Abẹ́òkúta fi ń ṣe àdìrẹ, Manchester ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Nígbà tí kọ́sítíìkì (kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ aró) àti aró Òyìnbó dé, iṣẹ́ tí aláró ń fi ẹ̀lú ṣe fún ọjọ́ pípẹ́ di wéré. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ dé ibi kankan náà di aláró. Ọjà kún, owó já, àwọn oníbàárà ń ráhùn pé aṣọ ń ṣá. Nínú àwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de kọ́sítíìkì àti aró Òyìnbó yẹn, ariwo sì sọ. Ṣáínà wo ló wà ní Abẹ́òkúta nígbà náà? Ẹ̀gbá ló ń bá Ẹ̀gbá du ọjà.

Ohun tí mo ń sọ tí wọ́n fi ń pè mí ní agbẹnusọ Ṣáínà kò ju èyí lọ: èrè orí àrà tuntun ni àdàkọ ń jẹ. Kó tó lè ti ilé-iṣẹ́ pa, ìnáwó ẹni tó ń dà á kọ gbọ́dọ̀ kéré sí tiwa. Tí a bá wá ń wá ibi tí ìnáwó wa ti wọ́n, ẹ má wo ọwọ́ òṣìṣẹ́.

Ẹ rántí Kakuri, àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Kàdúná níbí. Wọ́n dá Kaduna Textile sílẹ̀ lọ́dún 1957, ó kógbá sílé ní 2002. UNTL (United Nigerian Textiles) náà tilẹ̀kùn ní 2007. Àwọn kan nínú yín, owó oṣù ibẹ̀ ni wọ́n fi rán yín níléèwé. Iná kì í dúró, epo dúdú tí ẹ̀rọ ń lò gbówó lórí, aṣọ fàyàwọ́ ń gba ẹnubodè wọlé. Síbẹ̀, ẹnì kan lórí rédíò ní owó òṣìṣẹ́ wa ló pọ̀ jù. Ní oṣù Kejìlá 2023, owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Bangladesh di 12,500 taka, tó lé ní dọ́là 100 nígbà náà. Owó oṣù tó kéré jù tiwa, ₦70,000 ti ọdún 2024, kò tó dọ́là 50 lọ́dún náà. Kí ará rédíò wá bá mi ṣe ìṣirò yẹn.

Alága ti ń wo aago. Kí n sáré. Ní Ṣáínà fúnra rẹ̀, owó iṣẹ́ ti gòkè, àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì ti kó ẹrù lọ sí Vietnam àti Ethiopia. Àti ti ọdún 2012, tí Immigration kó àwọn oníṣòwò Ṣáínà ní Kánò: ẹ̀rọ mélòó ló padà dún ní Kakuri lọ́jọ́ kejì?

Mo fẹ́ jókòó ni màmá kan tó ń ránṣọ ní Barnawa dìde.

"Ọmọ mi, o kàwé, àmọ́ o ò ránṣọ rí. Aṣọ Ṣáínà pọ̀, iṣẹ́ mi náà pọ̀ sí i, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti pe owó, wọ́n á ní, 'Màmá, aṣọ gan-an ò tó bẹ́ẹ̀!' Àwọn ọmọ Kútọnu méjì tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti lọ sílé, torí náírà tí wọ́n ń kó jọ ò rí séfà gidi rà mọ́. Ta ló wá ń jẹ èrè tèmi?"

Mo dákẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé tí òṣìṣẹ́ bá wọ́n, owó iṣẹ́ á gòkè. Télọ̀ dín kù ní ṣọ́ọ̀bù màmá, owó rẹ̀ ò sì gòkè, torí òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó oṣù rẹ̀ ò kúrò lójú kan ni oníbàárà rẹ̀. Láti nǹkan bí wákàtí kan ni mo ti ń sọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́, mi ò dárúkọ télọ̀ kan ṣoṣo. Owó aṣọ ayédèrú ti di òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn owó ọwọ́ rẹ̀. Mi ò rò ó débẹ̀ rí, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ó bọ́ síwájú, ó gba ọ̀pá mẹ́fà náà, ó fi àtàǹpàkò ra á wò, ó ní wọ́n ti rẹ́ mi jẹ ní Kánò. Ó ní kí n mú un wá lọ́jọ́ Ajé, òun á fi rán bùbá àti ṣòkòtò fún mi. Ó pe owó.

Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti sọ ọ́: "Háà, Màmá, aṣọ gan-an ò tó bẹ́ẹ̀ o."