Nọ́ńbà rẹpẹtẹ lórúkọ dókítà: kí ló ń sọ gan-an?

Ẹ káàbọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, Abẹ́òkúta la wà, òjò ń rọ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́ níbí, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ariwo páànù ẹ má bínú.

Ẹnìkan ló fi link ránṣẹ́ sí mi. Màmá ẹ̀ ti ń ṣarán, ó ń wá dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ àwọn àgbàlagbà, bó ṣe bọ́ sójú ewé Prof kan lórí Google Scholar nìyẹn, ibi tí Google ń kó pépà àwọn onímọ̀ jọ sí, ó rí nọ́ńbà rẹpẹtẹ, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gbé màmá lọ bá èyí?" Mo ní dúró ná.

Ẹ fọkàn lọ sí Ìtòkú lọ́dọ̀ àwọn aládìrẹ. Ká ní ìyá kan ṣe bátànì tuntun, ẹlòmíì wá lò ó sára aṣọ tiẹ̀, ó ní "ọ̀dọ̀ ìyá lágbájá ni mo ti rí i o". Sitéṣọ̀n nìyẹn. Ìgbàkígbà tí onímọ̀ kan bá kọ pépà tó sì dárúkọ pépà tìẹ nínú ẹ̀, ẹyọ kan wọlé fún ẹ.

Ó wá ku h-index, nọ́ńbà kan tí wọ́n ń fi sitéṣọ̀n ṣírò, èyí tí Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, gbé jáde ní 2005. Ká ní o ní pépà márùn-ún, wọ́n ti dárúkọ ọ̀kan nígbà 40, èkejì 18, ẹ̀kẹta 9, ẹ̀kẹrin 4, ìkarùn-ún ẹ̀ẹ̀kan péré. Mẹ́rin nínú wọn ló ní 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, h-index ẹ, 4. Kí 40 yẹn di 4,000 lọ́la, 4 náà ni.

Orúkọ wa tún ń dá wàhálà sílẹ̀ jàre. Tí wọ́n bá kọ Ogunleye A síbẹ̀, ṣé Adéwálé ni àbí Abọ́sẹ̀dé? Mo ti rí ojú ewé kan tí pépà wárápá àti pépà ẹja òsìn jọ wà lórúkọ ẹnìkan ṣoṣo, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Obìnrin tó bá lọ sílé ọkọ ńkọ́, ìdajì iṣẹ́ ẹ̀ á wà lórúkọ bàbá, ìdajì lórúkọ ọkọ.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé. Ẹnìkan lè kọ pépà lórí bí wọ́n ṣe ń yí arúgbó tó dùbúlẹ̀ sàìsàn padà kí egbò má bàa yọ sí i nídìí, àwọn nọ́ọ̀sì á kà á, wọ́n á fi ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, àmọ́ nọ́ọ̀sì tó ń yí màmá padà láago méjì òru ò ní jókòó kọ pépà, torí náà sitéṣọ̀n ò wọlé.

Àwọn kan wà tó yẹ kí wọ́n máa dárúkọ wọn lóòótọ́. Àwọn ará Ìbàdàn àti Indianapolis ní Amẹ́ríkà jọ ṣèwádìí kan, wọ́n lọ bá àwọn tó ti pé 65 ọdún sókè, ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi yẹ̀ wọ́n wò níbí àti lọ́hùn-ún. Ó jáde ní JAMA, ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà, ní 2001, Hendrie ló ṣáájú, Ogunniyi tẹ̀lé e. Nínú 100 èèyàn lọ́dún kan, 1.35 ni iyè ń ra nínú àwọn Yorùbá Ìbàdàn, ti àwọn adúláwọ̀ Indianapolis jẹ́ 3.24. Ó ju ìlọ́po méjì lọ, ta ni ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀?

Àti Lambo tiwa, dókítà ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ní kí aláìsàn ọpọlọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ká, pẹ̀lú ẹbí ẹ̀, láti 1954. Ọdún 2004 tó kú náà ni Google Scholar ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ká padà sórí link wa. Mo ṣí pépà tí wọ́n dárúkọ jù lójú ewé Prof yẹn, mo kà á dé ìdajì. Eku ni. Eku funfun nínú kéèjì, wọ́n ń wo ọpọlọ ẹ̀, iṣẹ́ gidi sì ni o, mi ò bú u. Mo wá pe ọmọ màmá, mo ní Prof yín yìí ò rí arúgbó kankan láti bí ọdún mélòó kan, UCH n'Íbàdàn ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, ẹ gbé màmá lọ síbẹ̀. Ó ní "Ẹ̀gbọ́n, eku kẹ̀?"